Ibùdó Méjì, Ògún Kan: Ìtàn Àdúrà Lójú Ogun Ilẹ̀ Yorùbá

Láti ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú títí di ọdún 1893 tí Gómìnà Carter ti Èkó wá bẹ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tó wà ní Ìkìrun pé kí wọ́n ṣẹ́rí padà sílé, kò sí ìran kan tó dàgbà nílẹ̀ Yorùbá láìmọ ohun tí ogun ń jẹ́. Àwọn òpìtàn ti sọ púpọ̀ fún wa nípa àwọn ọ̀gágun ìgbà náà, nípa ẹni tó kú àti ẹni tó sá, nípa ìlú tó run àti èyí tó tún dìde. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kì í dúró tì pẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọjọ́ kan tí ogun le tí àwọn baba wa kò ṣe é. Àdúrà ni mo ń wí. N kò sọ pé àdúrà ló ṣẹ́gun, n kò sì sọ pé òun kọ́. Ohun tí mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ ogun wọ̀nyí, ọ̀dọ̀ ẹni kan náà ni àwọn tó dojú ìbọn kọ ara wọn ń tọ̀ lọ láti tọrọ ìṣẹ́gun, àti pé àdúrà tí a bá gbà ní gbangba, lójú tẹrú-tọmọ, a máa yí ipò àwọn tó gbà á padà láàárín ìlú, ìbáà gbà, ìbáà má gbà.

Kí ogun tó ṣí nílé, Ifá ẹlẹ́rìí ìpín ni a kọ́kọ́ ń tọ̀ lọ. Babaláwo ìlú a sọ ọ̀nà tí ogun yóò gbà, ọjọ́ tí yóò jáde, àti ohun tí ìlú yóò fi rúbọ. Bí Ifá bá ní kí wọ́n dúró, balógun tó gbọ́n a dúró, èyí tí kò gbọ́n a lọ wá babaláwo mìíràn. Lẹ́yìn Ifá ni Ògún, Lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, tí ọmọ ogun kan kò lè fojú di, nítorí irin tó fẹ́ gbé lọ sójú ìjà, ti Ògún ni. Ajá, epo, iṣu sísun àti ẹmu ni wọ́n fi ń bọ ọ́. Ní Ìbàdàn, wọ́n ní Ọ̀págun, ọ̀pá àṣẹ tí ogun ń tẹ̀lé, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni wọ́n sì ń ta sílẹ̀ fún un láyé àtijọ́. Kò yẹ kí ẹni tó bá ń sọ̀tàn fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀. Àwọn ìyá tó kù sílé náà ní tiwọn: ẹni tó ń sin Ọ̀ṣun kò ní í jẹ́ kí ìkòkò omi rẹ̀ gbẹ, ẹni tó ní ọmọ lójú ogun kò ní í jí láàárọ̀ kó má dárúkọ rẹ̀ fún orí rẹ̀. Bí a bá sì yẹ ẹ̀wù ogun akọni kan wò, a ó rí i pé oońdè tí adáhunṣe ṣe àti tírà tí àlùfáà Mùsùlùmí kọ, ara aṣọ kan náà ni wọ́n rán àwọn méjèèjì mọ́, ẹni tó wọ̀ ọ́ kì í sì í bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n rẹ́ tàbí wọn kò rẹ́. Ẹni tí ọta ìbọn ń bọ̀ wá bá kò ráyè ẹ̀kọ́ ìsìn.

Èpè náà, àdúrà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkà ni. Ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí Aláàfin Aólẹ̀ rí i pé àwọn ìjòyè àti Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti kọ̀yìn sí òun, tí ọ̀nà kan kò sì kù fún un bí kò ṣe ikú, wọ́n ní ó jáde sí gbangba, ó ta ọfà sí apá mẹ́ta ayé, ó ní ibi tí ọfà òun bá lọ ni wọn yóò máa kó ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ, ó sì la àwo amọ̀ mọ́lẹ̀ kí èpè náà má bàa ní ìyípadà, nítorí igbá tó fọ́ ni wọ́n ń so, ta ni í so àwo? Gbogbo ẹni tó bá ka ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀lé e yóò mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń mi orí bí wọ́n bá dé ibẹ̀. Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ kò gbà pé apá òun ká ogun láìní àdúrà ẹlòmíràn lẹ́yìn: ó pe Álímì, àlùfáà Fúlàní kan, wá sí Ìlọrin láti máa ṣe àdúrà àti oògùn fún un, bẹ́ẹ̀ òun kì í ṣe Mùsùlùmí. Àwọn tó tẹ̀lé àlùfáà náà wá ni wọ́n padà pa á. Wọ́n ní ọfà tó gún un lára pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò fi rí ilẹ̀ wó sí.

Ìlọrin wá di ìlú ẹlẹ́ṣin tó ń gba gúúsù bọ̀, wọ́n ń jà ní orúkọ ìsìn, àfi ìgbà tí ogun Ìbàdàn pàdé wọn ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Bí o bá bi ará Òṣogbo léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, yóò sọ fún ọ pé Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ni ó pa ara dà di olóúnjẹ, tó gbé yánrin tó lóró lọ tà fún àwọn ọmọ ogun Fúlàní. Bí o bá bi ará Ìbàdàn, yóò ní Balógun Òdérìnlọ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n ká wọn mọ́ ibùdó lóru. N kò rí ìdí tí ìtàn kan fi gbọ́dọ̀ lé èkejì jáde: ẹni tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú inú rírun, Ìbàdàn tó ká a mọ́lé kò mọ̀ pé Ọ̀ṣun ti ṣáájú òun débẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlú tí ọ̀ràn yìí ti hàn kedere jùlọ ni Abẹ́òkúta. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí sá wá sábẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ níwájú, àwọn babaláwo ni wọ́n kọ́kọ́ bi ilẹ̀ náà léèrè bóyá yóò gbà wọ́n. Ìtàn Ẹ̀gbá kò gbàgbé orúkọ Téjúoṣó ará Ìkìjà àti Awóbíyìí láàárín wọn. Àpáta náà di òrìṣà ààbò, ọdọọdún ni wọ́n sì ń bọ ọ́. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọmọ wọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ, tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ sí Sàró, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, àwọn mìíràn pẹ̀lú Bíbélì, àwọn mìíràn pẹ̀lú Kùránì. Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé ní oṣù Kejìlá ọdún 1842, Townsend ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS tẹ̀lé e ní oṣù tó tẹ̀lé e. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther wọ ìlú wá láti dúró. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni Crowther rí ìyá rẹ̀, Afálá, tí ogun ti yà wọ́n nípá láti ọdún 1821 tí wọ́n kó Òṣogùn.

Ìgbàgbọ́ tuntun yìí kò rí ojú rere gbogbo ìlú. Ní ọdún 1849, wọ́n mú àwọn onígbàgbọ́ ní àdúgbò mélòó kan, wọ́n dè wọ́n, wọ́n nà wọ́n, wọ́n kó ẹrù wọn, kí wọ́n lè padà sídìí ohun tí baba wọn ń bọ. Àwọn tó kọ̀wé nípa rẹ̀ láyé ìgbà náà máa ń pe èyí ní ìwà òkùnkùn, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà ń rò kò ṣòro láti mọ̀. Ìlú tí ọ̀tá yí ká, ẹbọ gbogbo ìlú ni ó ń gbé e ró. Bí ẹni kan bá yọ ọwọ́ nínú ẹbọ, bó bá kọ̀ láti sin òkú rẹ̀ sílé bí a ti ń sin ín, ihò ló lu sí odi, ihò náà kò sì ní í mọ ẹni tó lu ún nígbà tí ọ̀tá bá gba ibẹ̀ wọlé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, àwọn wọ̀nyí sì ti ká ọwọ́ tiwọn kò. Ẹ̀sùn náà wúwo, ìwàásù kan kò sì lè dáhùn rẹ̀. Ojú ogun ni wọ́n ti máa dáhùn rẹ̀.

Ogun náà kò sì pẹ́ dé. Gezo, ọba Dàhòmì, ti ń di kùnrùngbùn sínú láti ọdún 1844 tí àwọn Ẹ̀gbá ti lé e nítòsí Ìmọ́jolú, tí wọ́n sì gba agboòrùn ọlá rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1851, Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Abẹ́òkúta láti kìlọ̀ fún wọn pé Dàhòmì ń bọ̀. Bowen, oníwàásù ìjọ Bàtísì láti Amẹ́ríkà, ẹni tó ti ṣe ọmọ ogun rí kó tó di oníwàásù, wà nínú ìlú. Ó fojú jagunjagun wo odi, ó rí i pé ó ti ya ní ibi púpọ̀, ó sì ń yọ àwọn ìjòyè lẹ́nu pé kí wọ́n tún un mọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwọn ará Ìṣàgà ló wá ṣe èyí tó pa Gezo lára jù: wọ́n wárí fún un bí ẹni tó fẹ́ tẹrí ba, wọ́n gbà á nímọ̀ràn pé ojúmọmọ ni kó kọlu ìlú náà, kó sì gba ẹnu odi Aro wọlé, ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún mọ; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí àwọn Ẹ̀gbá ní kọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1851 ni. Wọ́n fojú bu ogun Dàhòmì sí nǹkan bí 16,000, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà nínú wọn sì jẹ́ obìnrin, àwọn obìnrin ológun tí ọba gbẹ́kẹ̀ lé ju ọkùnrin lọ. Wọ́n la odò Ògùn kọjá lábẹ́ oòrùn, wọ́n sì dojú kọ odi Aro. Crowther wà nínú ìlú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún ní ọdún 1848 tó sì ń jẹ́ Hannah, wà nínú odi kan náà. Ọmọ tí ogun kó ní Òṣogùn ti di àlùfáà, bí odi yìí bá sì wó, àtòun àtìyá ni wọn yóò tún wọ ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú àdúrà tí wọ́n gbà nílé wọn lọ́jọ́ náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ìbọn ń dún láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Wọ́n sọ pé kò tètè yé àwọn Ẹ̀gbá pé obìnrin ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń gun odi. Ìgbà tí wọ́n dá wọn mọ̀, ìtìjú pé obìnrin fẹ́ ṣẹ́gun àwọn mú kí ìbínú wọn di ìlọ́po méjì. Ogun Dàhòmì fọ́, ó sá, òkú tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn odi kò ṣe é kà tán.

Àwọn onígbàgbọ́ kò sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí èyí ń lọ. Wọ́n wà lórí odi pẹ̀lú ìbọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó nà wọ́n ní ọdún méjì ṣáájú. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, John Baptist Dasalu, kò padà wálé. Ìròyìn sọ pé Dàhòmì ti pa á, aya rẹ̀ àti ìjọ ti gbà pé ó ti kú, kò pé kò jìnnà a gbọ́ pé ó wà ní Kúbà, wọ́n ti tà á sí oko ẹrú níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá a dá sí i, ó sì padà wá sí Abẹ́òkúta. Díẹ̀ ni irú rẹ̀ nínú àwọn tó gba ọ̀nà Kúbà lọ.

Nígbà tí èéfín ìbọn ti rọlẹ̀, olúkúlùkù dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó pè. Àwọn kan gun Olúmọ, àwọn kan lọ sí ilé Ifá, àwọn Mùsùlùmí wí tiwọn, àwọn onígbàgbọ́ kọrin ọpẹ́ ní ilé ìsìn wọn, kò sì sí ẹni tó dá wọn dúró. Ohun tó yí padà lọ́jọ́ náà ni pé ẹ̀sùn ihò inú odi kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Àwọn tí a sọ pé àdúrà wọn yóò ba ìlú jẹ́ ti gbàdúrà wọn, odi kò sì wó. Láti ìgbà náà lọ ni ìjọ fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò bí ẹgbẹ́ ogun láàárín àwọn ẹgbẹ́ ogun Ẹ̀gbá, títí wọ́n fi ní Balógun Onígbàgbọ́. John Òkèńlá ni orúkọ rẹ̀ gbilẹ̀ jù nínú àwọn tó jẹ oyè náà. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi tí ẹ sì gbọ́ pé wọ́n ń pe baba arúgbó kan tí kò gbé ìbọn rí ní Balógun ìjọ, ibi tí oyè náà ti ṣẹ̀ wá nìyẹn.

Kí a má sì gbàgbé pé Dàhòmì náà gbàdúrà. Fá tí àwọn Fọ̀n ń dá, Ifá wa ni. Gu tí wọ́n ń bọ kí wọ́n tó jáde ogun, Ògún wa ni. Ère irin ńlá kan wà tí alágbẹ̀dẹ Akati Ekplekendo rọ fún Gu, ayé Glele ọmọ Gezo ni. Irin àlòkù láti òkè òkun ni ó fi ṣe é, ó ga tó ènìyàn, àwọn Faransé sì gbé e lọ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ṣẹ́gun Dàhòmì. Louvre ní Páríìsì ló wà lónìí. Gu ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé bí Ẹ̀gbá ti gbẹ́kẹ̀ lé Ògún alágbẹ̀dẹ tiwọn. Òòṣà, bí o kò lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi: ó ṣeé ṣe kí ará Dàhòmì kan ti wí bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà ilé.

Glele tún wá ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta ọdún 1864, wọ́n tún lé e. Èyí tí wọ́n rántí jù nínú ogun yẹn ni ẹ̀tù àti ọta tí Ẹfúnróyè Tinúbú kó sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun, tí wọ́n fi fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní ọdún náà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹwàá ọdún 1867, ìbínú Ẹ̀gbá sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ru lé àwọn òyìnbó lórí, wọ́n fọ́ ilé ìsìn, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n fi ń tẹ Ìwé Ìròhìn jẹ́, àwọn oníwàásù òyìnbó sì kó jáde. Àwọn Ẹ̀gbá tó ń gbàgbọ́ kò tẹ̀lé wọn lọ. Wọ́n ń bá àdúrà wọn nìṣó lábẹ́ àwọn àlùfáà dúdú, èyí sì fi hàn pé ohun tí wọ́n rí gbà lórí odi Aro, tiwọn ni.

Ṣùgbọ́n ogun tó pọ́n àdúrà lójú jùlọ ni ogun Ìjàyè, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ibùdó méjì àti olúwa kan ti di ohun tí ojú lè rí. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, tí ọmọ rẹ̀ Adélù gorí ìtẹ́, Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀ láti wárí fún un. Ó ní kì í ṣe àṣà pé kí Àrẹ̀mọ jọba lẹ́yìn baba rẹ̀, kó bá a kú ni àṣà. Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, gbè sẹ́yìn Adélù. Kúrunmí kì í ṣe ọ̀gágun nìkan: ọwọ́ rẹ̀ ni ìdájọ́ wà, òun náà ni àwòrò tó ga jù fún púpọ̀ nínú òrìṣà ìlú rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ bẹ òrìṣà nípa Ààrẹ, ọwọ́ Ààrẹ náà ni yóò gbà bẹ̀ ẹ́. Àwọn Ẹ̀gbá wá ran Ìjàyè lọ́wọ́, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860.

Ní Ìjàyè, Adolphus Mann àti ìyàwó rẹ̀ ni CMS fi síbẹ̀. Ní Ìbàdàn, David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wà ní Kúdẹtì láti ọdún 1853. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni ọkùnrin méjèèjì, ẹgbẹ́ ajíhìnrere kan náà ló rán wọn, ìwé àdúrà kan náà ni wọ́n ń kà. Nígbà tí Mann ń kúnlẹ̀ ní Ìjàyè láàrin àwọn tí ọta Ìbàdàn ń bà, Hinderer ń kúnlẹ̀ ní Kúdẹtì láàrin ìyá àti aya àwọn tó ń yin ọta náà. Ní Aké ní Abẹ́òkúta, Townsend àti àwọn tó kù fara mọ́ Ẹ̀gbá àti Ìjàyè. Ìwé Ìròhìn gbè sẹ́yìn wọn. Hinderer ń kọ̀wé pé Ìbàdàn kò jẹ̀bi tó bí wọ́n ti ń wí. Àwọn tó wá wàásù àlàáfíà di ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ bí àwa náà. N kò fi bú wọn: ẹni tó bá jẹun pẹ̀lú ìlú kan fún ọdún méje, ìlú náà ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ bó bá kúnlẹ̀.

Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà Èkó mọ́ Ìbàdàn, ẹrù kò sì dé Kúdẹtì mọ́. Anna Hinderer kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ta ohun tó wà nínú ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, aṣọ, agolo àti ìdérí rẹ̀, kí wọ́n lè rí owó ẹyọ ra ẹ̀wà àti iṣu fún ara wọn àti fún àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn, àti bí àwọn ará Ìbàdàn tí kì í ṣe onígbàgbọ́ ṣe ń ta ọjà fún wọn láwìn, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ta wọ́n lọ́rẹ. Ebi náà kò dáwọ́ dúró pẹ̀lú ogun Ìjàyè. Ọdún 1865 ni Captain Maxwell tó gba inú igbó wá láti Èkó mú ìrànlọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Láàárín àwọn ọmọ Sàró tó wà ní Kúdẹtì nígbà náà ni ọmọkùnrin kan tí a bí ní ọdún 1846, Samuel Johnson ni orúkọ rẹ̀. Kí ẹ fi orúkọ náà sí àyà.

Ti Ìjàyè burú ju ìyẹn lọ. Àwọn òbí tí ebi ń pa ń gbé ọmọ wọn wá fún Mann àti fún àwọn oníwàásù Bàtísì kí wọ́n má bàa kú, Stone àti Phillips sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Kúrunmí pàdánù ọmọ márùn-ún lójú ìjà. Òun náà kú ní oṣù Kẹfà ọdún 1861, Ìjàyè sì bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta ọdún 1862. Roper, òyìnbó oníwàásù tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ni ogun Ìbàdàn mú lẹ́rú bí wọ́n ti mú àwọn ará ìlú. Àdúrà Kúdẹtì gbà, ti Ìjàyè kò gbà. Ṣùgbọ́n Hinderer tí àdúrà rẹ̀ gbà ń wo ẹ̀wọ̀n Roper, arákùnrin rẹ̀ nínú ìgbàgbọ́, láti àárọ̀ di alẹ́ nínú ìlú tó ṣẹ́gun.

Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 gùn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Ìbàdàn, Mùsùlùmí ni. Ẹ̀yìn àwọn Èkìtìparapọ̀ tó ń bá a jà, tí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ń ṣíwájú, ni Ìlọrin wà, ìlú àwọn Mùsùlùmí. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn onígbàgbọ́ ní Ìjàyè tún ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù: wọ́n ń dojú kọ ìlà-oòrùn kan náà láti bẹ Ọlọ́run kan náà nípa ara wọn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó, onígbàgbọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń kówó jọ, wọ́n sì ń fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé. Ìró rẹ̀ tó ń dún láàárín òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Philip Jose Meffre jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n tà sí Bràsíìlì, tó ti ṣe babaláwo, tó sì di oníwàásù nígbà tó dé Èkó. Nínú ọkùnrin kan ṣoṣo yìí, Ifá àti Bíbélì ti ké fún ìlú kan náà.

Ibùdó méjèèjì di ìlú. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n ná ọjà, wọ́n bí ọmọ síbẹ̀. J. B. Wood, oníwàásù CMS ní Abẹ́òkúta, rin ìrìn láti ibùdó kan sí èkejì ní ọdún 1884 àti 1885 láti bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbọ́ ọ tọwọ̀tọwọ̀, wọn kò tú ká. Látòósà kú sí ibùdó ní ọdún 1885. Ìgbà tí ìjọba Èkó wá dá sí i, àwọn àlùfáà dúdú méjì ni wọ́n rán: Charles Phillips tó wà ní Oǹdó lọ sọ́dọ̀ àwọn Èkìtì, Samuel Johnson, ọmọ Kúdẹtì ọjọ́ sí, lọ sọ́dọ̀ Aláàfin àti Ìbàdàn. Ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Ohun tí ìránṣẹ́ Ìbàdàn bá sọ, Èkìtì kò ní í gbà á, ohun tí ti Èkìtì bá sọ, Ìbàdàn yóò fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí, ìjọ kan ni wọ́n, wọ́n lè jókòó pọ̀ kí wọ́n sì gba ara wọn gbọ́, èyí tí kò sí ìjòyè méjì ní ibùdó méjèèjì tó lè ṣe é. Èmi gbà pé níbi yìí ni ìgbàgbọ́ tó pín sí méjì ní ọdún 1860 ti wá wúlò fún àlàáfíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé Gómìnà ló wà lápò wọn, tí ẹ̀tù àti ara àwọn ológun náà sì ti ń tán. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà ọdún 1886. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ti iná bọ àwọn ibùdó, ẹgbàágbèje tó ti ń gbé ibẹ̀ sì gba ọ̀nà ilé.

Ìlọrin kò sí nínú àdéhùn náà. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n kó Ọ̀fà, Ìbàdàn kò sì kúrò ní Ìkìrun títí Carter fi dé. Johnson padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ó ń bi àwọn arọ́kin àti àwọn arúgbó léèrè ọ̀rọ̀, ó sì parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́, Johnson kú ní ọdún 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló tún un kọ láti inú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 1921. Nígbà tí ìtàn àwọn ogun náà tán nínú rẹ̀, àdúrà ni ó fi pa á dé: pé kí àlàáfíà jọba, kí àwọn tó ti fọ́n ká tún di ọ̀kan lábẹ́ olórí kan bí ayé Aláàfin Abíọ́dún, kí ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà sì kúrò nílẹ̀, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ̀sìn Kírísítì borí ní ilẹ̀ wa, nítorí pé a ti dán òrìṣà àti Ìsìláàmù wò tó. Èèmí kan náà ló fi tọrọ ìrẹ́pọ̀ tó sì fi tọrọ ìborí. Ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ilẹ̀ tó wà láàárín ibùdó méjì, nígbà tó kúnlẹ̀ nílé rẹ̀, apá kan ṣoṣo ló bẹ Ọlọ́run fún.